Ọjọ́ Ìbí Mẹ́ta Lọ́rùn Ọmọ Kan

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti yunifásítì, ẹkún ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ti wà ní ìpele àṣekágbá. Wọ́n ti ní kí gbogbo àwọn tó ń múra àtijáde lọ yẹ àkọsílẹ̀ ara wọn wò kí wọ́n tó fi orúkọ wọn ránṣẹ́ fún ètò àgùnbánirọ̀. Ó yẹ tirẹ̀ wò, ó bá 7/11/2002 níbẹ̀. Sátífíkéètì WAEC tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2004 ni wọ́n bí i. Akọ̀wé tó ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn wo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó ní kó lọ mú méjèèjì bára mu kó tó padà wá síwájú òun.

"Àǹtí mi, èwo gan-an ni tèmi nínú méjèèjì?"

Kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Mo wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bí i. Ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 2004 ni, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ kan ṣoṣo ti wá ní ọjọ́ ìbí mẹ́ta lọ́rùn, méjì nínú ìwé ńláńlá, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwa tí a gbé e.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ́jísítà. Kíákíá ni mo sì máa ń kọ ọ́, bí ẹni ń kọ iye ẹfun tó kù nínú páálí. Oṣù márùn-ún tí a fi tún ìwé ọmọ yìí ṣe ti yí ọwọ́ ìkọ̀wé mi padà. Mo ń kọ bó ṣe lọ sílẹ̀ látòkè délẹ̀, torí mo mọ̀ pé irú ọmọ yìí wà nínú ilé púpọ̀ tí wọn kò tíì mọ̀.

Ibi tí ọdún 2002 ti wá

Àwọn àgbà ní kéèyàn má wo ibi tó ṣubú sí, kó wo ibi tó ti kọsẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, a tú gbogbo àpò ìwé tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ní láyé ni káàdì àjẹsára. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan mọ́ títí ó fi wọ ilé ìwé. Òfin ti wà láti ọdún 1992 pé dandan ni kí wọ́n forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àjọ NPC tó ń ka iye ènìyàn ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ. Ó rò pé káàdì ilé ìwòsàn ti tó. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ náà kò bi wọ́n léèrè, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń bi òbí ọmọ ẹlòmíì.

Ti ọdún 2002 ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè fi ojú ṣe àṣìṣe pe 4 ní 2. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ti síìmù ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì so ó mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ẹ ó rántí bí gbogbo ìlú ṣe dà síta nígbà náà, tí Kòrónà sì wà nílẹ̀. Ọmọ yìí ń múra JAMB ọdún 2021 lọ́wọ́, ọdún yẹn gan-an ni NIN di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó ìdánwò náà. Ìyá àti ọmọ ti wà lórí ìlà láti aago márùn-ún ìdájí. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù níta bi ọmọ náà lọ́jọ́ orí. Ó ní ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn yóò fa wàhálà, wọ́n á ní kí ìyá kọ́kọ́ mú NIN tirẹ̀ wá, ìyá kò sì tíì ní. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ọ́ di ọdún méjìdínlógún kí wọ́n lè tètè lọ sílé.

"Mo ní kó kọ ọ́," ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi. "Ó ti rẹ̀ mí. N ò mọ̀ pé yóò bá ọmọ mi dé ibí yìí."

N kò mọ̀ bóyá ohun tí ọkùnrin náà sọ nípa NIN ìyá rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé àwa fúnra wa la fi ẹnu wa sọ ọdún 2002. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé nígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ènìyàn a máa di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpútà.

Láti orí fọ́ọ̀mù yẹn ni ọdún 2002 ti ń ṣàn lọ. JAMB mú un láti inú NIN. Yunifásítì mú un láti ọ̀dọ̀ JAMB. Nígbà tó ṣí àkáǹtì ní ìpele kìíní, báńkì náà mú un, ó sì wọ inú BVN, nọ́ńbà tí àwọn báńkì fi ń dá èèyàn mọ̀. Kò sí ẹnì kan lójú ọ̀nà tó tún bi ọmọ náà pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọ. Òun náà rí i lẹ́ẹ̀kan lórí ìwé ìgbaniwọlé JAMB, ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá rò pé ọdún méjì kò jẹ́ nǹkan kan, kó wo iwájú. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó ń jáde ilé ìwé kò ní sìn, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń fẹ̀yìn tì ní ọgọ́ta ọdún lórí ilẹ̀ tàbí ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọdún méjì tí a bù kún ọjọ́ orí ọmọ yìí láti lè kúrò lórí ìlà lè di owó oṣù ọdún méjì tí kò ní gbà lọ́jọ́ alẹ́.

Ìmọ̀ràn tó dùn mọ́ etí

Ẹnì kan wà ládùúgbò tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ọmọ dáadáa ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wo àwọn ìwé náà, ó ní: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má fìyà jẹ ara yín. WAEC ló le jù láti tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú NIN lọ bá a, ká sọ ọ́ di 11/07/2004. Ọdún náà ti pé, oṣù mẹ́rin péré ló kù. Ta ni oṣù mẹ́rin pa lára?"

Ọmọ náà gbà lójú ẹsẹ̀, torí ọjọ́ ń lọ. Ìyá rẹ̀ gbà. Mo jẹ́wọ́ pé ọjọ́ méjì gbáko ni èmi náà fi rò ó, tí n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ á dín kù, owó á dín kù, gbogbo ìwé á sì bára mu.

Ohun tó dá mi dúró ni ìbúra. A ti mọ̀ pé a óò lọ kóòtù fún ìwé ìbúra ọjọ́ orí, pé ẹni tó bí ọmọ tàbí àgbà tó mọ̀ nípa ìbí rẹ̀ ló sì máa ń búra náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ máa lè gbé ọwọ́ lé Bíbélì pé oṣù keje lẹ bí i?"

Wọ́n wò mí. "Oṣù keje kẹ̀? Oyún ló wà nínú mi nínú oṣù keje. Mo ṣì ń gbé e lọ sọ́jà."

Ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀ fún mi. Ìbúra èké ní ẹ̀wọ̀n nínú, ìyẹn nìkan sì kọ́ ló dẹ́rù bà mí. Irọ́ kan la pa ní ọdún 2020 tí a wá ń sunkún lé lórí yìí. A óò wá lọ fi ìbúra ra òmíràn, a óò sì gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó máa lò ó títí ayé. Ohun mìíràn tún wà tí ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà yẹn kò rò: ìlànà BVN tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fàyè gba àtúnṣe ọjọ́ ìbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá fi ẹ̀ẹ̀kan yẹn kọ ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, a ti lò ó tán.

A fẹnu kò pé 7 oṣù kọkànlá 2004 ni a máa tẹ̀ lé dé ibi tó bá gbé wa dé. Ọmọ náà bínú sí mi fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní èmi kọ́ ni wọn kò ní pè fún àgùnbánirọ̀. Òótọ́ ló sọ, mi ò sì dá a lóhùn.

Ọjọ́ Àìkú méjì

Ó kù ká fi ẹ̀rí hàn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú ẹni tí kò mọ̀ wá: obìnrin kan mú ọmọ wá, ó fẹ́ sọ 2002 di 2004, ó fẹ́ dín ọjọ́ orí kù. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó fẹ́ dín ọjọ́ orí kù ń wá, wọ́n á sì gbé ìwé ìbúra dání bákan náà.

Ẹ̀rí tí mo kọ́kọ́ gbójú lé ni pé gbogbo wa la rántí pé ọjọ́ Àìkú ni. Mo ṣí kàlẹ́ńdà ọdún 2004 lórí fóònù mi. Ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá: Àìkú. Inú mi dùn. Mo wá wo ọjọ́ 11 oṣù keje: Àìkú náà ni! Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo wo ọdún mìíràn, bákan náà ló rí. Ọjọ́ 119 ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún géérégé, nítorí náà ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n á máa bọ́ sí lọ́dọọdún. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́kàn wa kò lè ya òótọ́ kúrò lára àṣìṣe.

Nígbà náà ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má sọ ọjọ́ mọ́, kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ka ọjọ́ orí ọmọ wọn nìyẹn kí kàlẹ́ńdà tó dé ara ògiri. Wọ́n ní ìyá ọkọ àwọn gbààwẹ̀ wá sílé ìwòsàn, kò lè fi ẹnu kan omi tí nọ́ọ̀sì gbé fún un. Wọ́n ní ọjọ́ ìkómọ, ọ̀pọ̀ ará ilé ọkọ àwọn ló wọ aṣọ ọdún wá. Mo wò ó: oṣù Ràmàdánì ọdún 2004 bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù kẹwàá, ó parí ní àárín oṣù kọkànlá. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 7 ni ọjọ́ 14, nígbà tí wọ́n ń ṣọdún Ìtúnu Àwẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ìyá ọkọ fún un tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ "ọdún" nínú, bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ tó bá bọ́ sásìkò ọdún ní Abíọ́dún. Ó ti ń jẹ́ orúkọ náà fún ogún ọdún, kò sẹ́ni tó rántí pé ẹ̀rí ló ń jẹ́.

Ìtàn ìyá àgbà kò tó lọ́fíìsì. Mo padà sídìí káàdì àjẹsára. Ọjọ́ ìbí tí nọ́ọ̀sì kọ sókè rẹ̀ ni 7/11/04, ìyẹn sì lè jẹ́ oṣù keje lójú ẹni tó bá fẹ́ jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ìsàlẹ̀. Àbẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun: 17/11/04. Kò sí oṣù kẹtàdínlógún láyé, nítorí náà oṣù kọkànlá ni, ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá. Àbẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: 22/12/04. Àbẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án: ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2005, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí oṣù mẹ́sàn-án pé. Ọjọ́rú ni ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ tí ilé ìwòsàn náà fi ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ oṣù keje ni wọ́n bí i, á jẹ́ pé ó ti lé ní oṣù mẹ́rin kí ó tó gba abẹ́rẹ́ ọmọ tuntun, ó sì ti pé ọdún kan ó lé kí ó tó gba ti oṣù mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ 2002, ọmọ ọdún méjì tó ń sáré kiri ni wọ́n gbé lọ gba BCG. Káàdì pélébé tí ekuru ti bò ni ìwé tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí a ní, torí pé nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ní ìdí láti purọ́.

Lọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé

Ti WAEC ló kù láti wá ìdí rẹ̀. A lọ bá ọ̀gá ilé ìwé girama tí ọmọ náà ti jáde. Obìnrin àgbà ni wọ́n, wọn kò tíì sí níbẹ̀ ní ọdún 2021, àmọ́ wọ́n gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Wọ́n ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà ìgbaniwọlé ti ọdún 2015 jáde. Orúkọ ọmọ náà rèé, 7/11/2004, pẹ̀lú bírò. Ilé ìwé mọ̀ ọ́n. Ibo ló ti wá yí?

Mo ní kí wọ́n bá wa wá àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi forúkọ gbogbo kíláàsì náà sílẹ̀ fún ìdánwò. Wọ́n rí ẹ̀dà rẹ̀ nínú fáìlì kan. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́jísítà, a ń fi ìka tọ ọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ń ka ti rẹ́jísítà, èmi ń ka ti ìwé ìdánwò. 25/3, ó bára mu. 19/8, ó bára mu. 4/9, ó ti di ọjọ́ 9 oṣù kẹrin. 30/1, ó bára mu. 10/2, ó ti di ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá. Nígbà tí a dé bí ìdajì, ọ̀gá dá ọwọ́ mi dúró. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wò ó. Àwọn tí ọjọ́ wọn lé ní méjìlá nìkan ló mórí bọ́."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ṣètò bí ti Amẹ́ríkà máa ń ka oṣù ṣáájú ọjọ́. Bí o bá tẹ 07/11/2004, ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ni yóò gbọ́. Bí o bá tẹ 25/3/2004, yóò wá oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tì, yóò sì fi í sílẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́. Nítorí náà, àṣìṣe náà kì í hàn. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ ló dàrú, ẹnì kan á ti pariwo. Àwọn kan ló mú, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bí ní 5/5, tirẹ̀ yí, kò sì yàtọ̀!

Mo jókòó ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù méjìlá, ọjọ́ méjìlá àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, 144. Ẹ yọ méjìlá tí ọjọ́ àti oṣù ti jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ó ku 132. Ọjọ́ 132 ló wà nínú ọdún tí ẹni tí wọ́n bá bí sínú wọn lè di ẹni ọjọ́ mìíràn láìsí ẹni tó fura, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Láti ìgbà náà, mi ò kọ oṣù ní nọ́ńbà mọ́ nínú rẹ́jísítà mi. Lẹ́tà ni mo fi ń kọ orúkọ oṣù, mo sì ti ní kí àwọn olùkọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń gba àyè díẹ̀ sí i.

Èmi kò fẹ́ kí wọ́n bá ẹni tó tẹ ìwé náà jà. Ìwé tí wọ́n fún un ló tẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n fún àwọn ọmọ náà ní ẹ̀dà láti fọwọ́ sí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, gbogbo wọn ló sì fọwọ́ sí i. Ọmọ mi náà fọwọ́ sí i. Orúkọ rẹ̀ ló wò bóyá wọ́n kọ ọ́ dáadáa, kò wo ọjọ́.

Títún un ṣe

Láti orí gbòǹgbò la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lọ búra ní kóòtù gíga. Lọ́ọ̀yà kan tó jẹ́ ará ìjọ wa ló bá wa to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ibi tí wọ́n bí i sí, pé ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́, àti pé wọ́n kọ ọdún 2002 tí kò tọ̀nà sílẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀ NIN. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a fo gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Èmi ní kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń yẹ ìwé wò á ṣáà rí 2002. Ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Nítorí pé ọmọ náà ti lé ní ọdún méjìdínlógún, kò tún lè gba ìwé ẹ̀rí ìbí bí ọmọ kékeré, ìwé ìjẹ́rìí ìbí ni NPC ń fún irú wọn. Òṣìṣẹ́ tó gbà wá lálejò wo ẹ̀gbọ́n mi tààrà. "Ìyá, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ dín ọjọ́ orí ọmọ kù?" Ẹ̀gbọ́n mi kò lè fèsì. Mo nawọ́ káàdì àjẹsára sí i, mo fi ìka lé 17/11/04. Ó wò ó, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ìka rẹ̀. Ó ní, "Ẹ tọ́jú káàdì yìí o." Kò tún bi wá ní nǹkan kan mọ́.

NIN ló tẹ̀ lé e, torí pé títí wọ́n fi tún un ṣe, ibi tí JAMB á ti mú ọjọ́ náà kò yí padà. Owó tí NIMC, àjọ tó ń fún èèyàn ní NIN, ń gbà fún àtúnṣe ọjọ́ ìbí ti gòkè nínú oṣù karùn-ún ọdún 2025 láti ₦16,340 sí ₦28,574. Owó ńlá ni fún ilé wa. Mo san ìdajì, ìyá rẹ̀ san ìdajì. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ìwé ìjẹ́rìí ìbí ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà! Orúkọ méjì ló wà lórí ìwé NPC, orúkọ mẹ́ta ló wà lórí NIN. Àìfarabalẹ̀ wa nìyẹn, a kò fi wọ́n wéra kí a tó kúrò lọ́fíìsì. A padà lọ, wọ́n fi orúkọ kẹta kún un, a tún fi ránṣẹ́. Oṣù kẹsàn-án ń parí lọ nígbà tí ọjọ́ tuntun jáde lórí fóònù rẹ̀. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi láìkọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìyókù ìbínú tó wà nínú rẹ̀ sí mi tán níbẹ̀.

Ti JAMB àti ti yunifásítì kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Akọ̀wé tó lé e padà nínú oṣù kẹfà gba ìwé NIN tuntun àti ìwé ìjẹ́rìí, ó sì fi wọ́n sínú fáìlì rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìpele kìíní tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún àgùnbánirọ̀, ó di ìpele tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn dùn ún, ó sì dun èmi náà, torí bí a bá gba ìmọ̀ràn ti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ó ṣeé ṣe kó ti bá wọn lọ. A sọ̀rọ̀ náà lójúkojú, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún oṣù díẹ̀ tó pàdánù. Ó ní ìyá òun ló yẹ kí ọkùnrin oní-fọ́ọ̀mù bẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì wá nígbà tó sọ ọ́.

BVN la fi ṣe ìkẹyìn, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo sọ. Ọjọ́ tí gbogbo ìwé yòókù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó lọ báńkì. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù sókè ketekete fún òṣìṣẹ́ náà kó tó fọwọ́ sí i: ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá, ọdún 2004.

Ti WAEC ṣì wà lọ́nà bí mo ṣe ń kọ èyí nínú oṣù kọkànlá. Ọ̀gá ilé ìwé ti kọ lẹ́tà, wọ́n fi ẹ̀dà ojú ewé rẹ́jísítà 2015 tì í, àti ìwé ìjẹ́rìí ìbí, àti NIN tuntun. Títí tí èsì yóò fi dé, ọmọ náà ń mú ẹ̀dà lẹ́tà yẹn pẹ̀lú sátífíkéètì rẹ̀ lọ síbikíbi tó bá ní láti fi í hàn.

Ọ̀gá náà kò sì dúró lórí tirẹ̀ nìkan. Mọ́kànlá ni àwọn tí a rí nínú kíláàsì náà tí ọjọ́ wọn yí. Wọ́n ti ń wá nọ́ńbà fóònù òbí wọn láti inú fáìlì àtijọ́. Mẹ́rin ni wọ́n ti rí bá sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn ń múra ìwé ìrìnnà lọ́wọ́, kò tíì mọ̀ pé ìwé òun kò bára mu títí fóònù fi dún.